Mo Pa Àǹtí Edith Nítorí Páànù

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí bá ti rí òkú tó wọ ọkọ̀ èrò, tó san owó ọkọ̀, tó sì bọ́ sílẹ̀ níbi ìrántí ara rẹ̀ rí, kí ó jọ̀wọ́ wá mi wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ká jọ jókòó sọ̀rọ̀. Èmi rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Èmi náà sì ni mo pa òkú ọ̀hún.

Ẹ má pe ọlọ́pàá. Ẹnu ni mo fi pa á.

Tiwaladé ni orúkọ mi. Èmi ni mo ń bójú tó ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ àdúgbò wa, níbi tí àwọn ìyá ti ń fi ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́. Mo gba ìwé ẹ̀rí lórí ẹ̀kọ́ ọmọdé, mo sì máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Orúkọ tí mo kọ sára ògiri wa gùn débi pé ó yí igun ilé. Ṣùgbọ́n Orí-Ẹní ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí orí ẹní kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí òun gan-an ni mo fi pamọ́. Ẹ̀yìn ilé náà ni ẹbu wà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí. Láyé ìgbà tí ìyá mi wà níbẹ̀, wọ́n máa ń pọn ọmọ nídìí iná ni, èéfín a máa ta àwọn ọmọ lójú, wọ́n á máa ké. Lọ́jọ́ kan, Alájà Sàúdátù, aṣáájú wọn, tẹ́ ẹní sábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Wọ́n ní kí gbogbo wọn kó ọmọ wá síbẹ̀, kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n, kí àwọn yòókù sì bá a yan gàrí tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó kan ẹlòmíràn. Àáró ni, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń bá ara wọn ro oko ní títẹ̀léra, àfi pé ọmọ ni tiwọn.

Owó tí wọ́n fi kọ́ ilé nígbà tó yá, inú gàrí ló ti jáde. Obìnrin kọ̀ọ̀kan a máa bu díẹ̀ sẹ́yìn nínú ohun tó bá yan, "gàrí ọmọ" ni wọ́n ń pè é. Èmi alára, orí ẹní yẹn ni mo ti kọ́ ìjókòó. Nígbà tí ìyá mi kú, gàrí ọmọ ló rán mi parí ilé ìwé.

Ẹ wá wo irú ọmọ tí ojú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń tì. Èmi nìyẹn.

Ìjì kan ló dá wàhálà sílẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ òjò, ó ká páànù yàrá méjì, ó lọ dà á sí àgbàlá ẹni tó ń ta ewúrẹ́. Gbogbo ọmọ wá rọ́ sínú yàrá kan tó kù. Bí ọ̀kan bá sín, gbogbo wọn ni ọ̀fìnkìn máa mú. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá wò wá, ó gbé ojú sókè, ó rí ọ̀run, ó ní bí kò bá sí òrùlé níbẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá máa wọlé ní oṣù kẹsàn-án, òun yóò ti ibẹ̀ pa.

Raheemah, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ní kí n lọ bá Alájà kí ẹbu tún bẹ̀rẹ̀ gàrí ọmọ, torí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró látìgbà tí ilé ti parí. Mo ní ta ló ń fi gàrí ra páànù láyé tí a wà yìí? Mo ní olówó ni a nílò.

Olówó sì dé. Ẹ mọ̀ pé ní Ìjẹ̀bú, àwọn tí wọ́n bí ní sáà kan náà máa ń kó ara wọn jọ sí regbéregbé. Regbéregbé kan ń wá iṣẹ́ rere tí wọ́n máa ṣe kí Ojúde Ọba tó dé, torí àwọn tó ṣáájú wọn ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún aráàlú, àwọn tó tẹ̀lé wọn náà sì ti tún ilé ìwé kùn. Ọmọ Ìjẹ̀bú lè fara da ebi. Kò lè fara da kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ ta á yọ.

Àlájì Kàmọ́rù, alága wọn, wá wo ilé wa. Wọ́n ga, wọn kì í sáré sọ̀rọ̀, agbádá funfun wọn sì mọ́ débi pé mo ń lé àwọn ọmọ sẹ́yìn kí wọ́n má baà fọwọ́ kàn án. Wọ́n wo òrùlé, wọ́n fi ìka kan igi àjà, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn lè kan páànù tuntun, kí wọ́n tún fi yàrá méjì kún un. Ọkàn mi ti ń jó.

Wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé ilé yìí ní ìtàn? Àwọn ẹgbẹ́ mi fẹ́ràn nǹkan tó ní ìtàn. Ta ló dá a sílẹ̀?"

Mo yíjú sí ẹ̀yìn ilé. Alájà Sàúdátù wà nídìí agbada gàrí, wọ́n fi gèlè di imú, wọ́n ń fẹ́ná, eérú ti kún ojú wọn. Mo wo agbádá Àlájì. Mo tún wo Alájà.

Ẹ má dá èṣù lẹ́bi. Kò sí nítòsí lọ́jọ́ yẹn.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì kan ni, sà."

Ojú wọn tàn. Wọ́n ní kí ni orúkọ rẹ̀. Mo wá orúkọ kan tó ń ta sánsán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló sì wá sí mi lẹ́nu.

"Edith, sà. Màmá Edith. Wọ́n ti di olóògbé."

Ìdí tí mo fi pa wọ́n kíákíá ni pé òkú kì í wá jẹ́rìí. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Àǹtí Edith ń bẹ láyé o. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, Ìjẹ̀bú-Imusin ni wọ́n ń gbé, òwú àti bọ́tìnì ni wọ́n ń tà. Wọn kò ṣe nọ́ọ̀sì rí. Tí a bá sì ń sọ ti ọmọdé, bí ọmọ kan bá sunkún nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí Edith ló máa ń kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, tí wọ́n á sì máa wò títí ìyá ọmọ á fi gbé e jáde.

Irọ́ dà bí àlejò tó ní omi lásán lòun fẹ́ mu. Kí o tó mọ̀, ó ti ń béèrè ibi tí òun máa sùn sí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlájì ní àwọn ń fẹ́ fọ́tò Màmá Edith. Mo tú àpótí ìyá mi, mo sì rí ọ̀kan tí Àǹtí Edith ti wọ aṣọ funfun àti fìlà nọ́ọ̀sì. Eré ni ìjọ wọn ṣe nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, àwọn ni wọ́n ṣe nọ́ọ̀sì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fún wọn sọ nínú eré náà, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ní kí wọ́n ya fọ́tò náà tóbi tó ilẹ̀kùn, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri wa. Wọ́n tún tẹ àwọn kéékèèké, wọ́n lẹ̀ wọ́n káàkiri ìlú láti fi pe ènìyàn. Àlájì ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀, tó tọ́jú ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, ó yẹ kí Ààfáà àti pásítọ̀ jọ ṣàdúrà fún un kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe àmín. Ẹ bá mi wo ara mi. Mo ṣe àmín sí àdúrà òkú fún ẹni tó pè mí lórí fóònù lánàá pé ẹ̀yìn ń dun òun, kí n bá òun ra òróró ìpara.

Mo wá kọ́ àwọn ọmọ pé Màmá Edith ló kọ́kọ́ tẹ́ ẹní wa, àti pé láràárọ̀, kí wọ́n dojú kọ fọ́tò, kí wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá Edith." Wọ́n mọ̀ ọ́n kíákíá. Ikhlas, ọmọbìnrin kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀rọ̀ọ́ sọ tí kò sì fẹ́ sinmi, máa ń fa aṣọ mi.

"Tíṣà, kí ló dé tí Màmá ò dáhùn?"

Mo sọ fún un pé Màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Raheemah, tó ń di ìlédìí fún ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, rẹ́rìn-ín títí ìlédìí fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ọjọ́ wo ni mo máa sọ fún Alájà. Mo ní kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn, ṣebí ìdí iná ni wọ́n máa ń wà.

Ibi tó burú jù nìyí, ẹ má sì ṣe fojú fò ó. Bó ṣe ku ọ̀la kí àwọn àlejò dé, mo lọ bá Alájà Sàúdátù ní ẹbu. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, lọ́la, ẹ jẹ́ kí ẹbu sinmi díẹ̀. Àwọn èèyàn ńlá ń bọ̀, èéfín lè..."

Alájà wò mí. "Èéfín ló ń tì ọ́ lójú ni, Tiwaladé, àbí àwa?"

Wọ́n bu omi, wọ́n rọra ń pa iná náà, igi kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Àwọn ọmọ ti wá kọrin rẹ̀ fún mi," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní Edith ló tẹ́ ẹní. Edith ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, tí mo mọ̀. Ó dáa. Bí irọ́ bá lè kan páànù sórí àwọn ọmọ yìí, kó kàn án. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí irọ́ tó mọ òòlù ún lò."

Dípò kí ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, inú mi dùn pé wọn ò ní tú mi fó. Mo dúpẹ́, mo dìde, mo lọ gbọn eruku orókún mi.

Ọjọ́ pé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó rẹrẹ, Ààfáà wà lápá ọ̀tún, pásítọ̀ wà lápá òsì, wọ́n fi aṣọ bo fọ́tò ńlá náà. Àlájì Kàmọ́rù sọ̀rọ̀ lórí nọ́ọ̀sì tó fi ayé rẹ̀ sin ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n sọ ọ́ débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọ́n fa aṣọ kúrò. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo ṣẹ́jú sí àwọn ọmọ, wọ́n dìde, wọ́n fi ohùn kan ṣoṣo wí pé:

"Ẹ káàárọ̀, Màmá Edith."

Ohùn kan dáhùn láti ẹnu géètì.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi kí òkú mi."

Gbogbo orí yí padà. Àǹtí Edith ni, pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì, báàgì lábíyá, agbòjò lọ́wọ́. Ikhlas pàtẹ́wọ́, ó yíjú sí mi pẹ̀lú ayọ̀.

"Tíṣà, Màmá ti dáhùn."

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Obìnrin kan nínú ìjọ wọn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti rajà, ó rí fọ́tò Olóògbé Edith lára ògiri, ó sunkún padà sí Imusin, ó lọ bá wọn kẹ́dùn nílé. Àǹtí Edith fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin náà kò dúró gbọ́ àlàyé. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn títí di òní.

Àǹtí Edith rìn gba àárín àwọn àlejò, wọ́n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò náà. Imú kan náà ni, àgbọ̀n kan náà. Ààfáà wo pásítọ̀. Pásítọ̀ wo ilẹ̀. Àlájì Kàmọ́rù fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?"

"Èmi ni olóògbé," ni Àǹtí Edith dáhùn. "Mo wá béèrè ohun tí mo jẹ tó pa mí, kí n lè máa yẹra fún un."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Àǹtí Edith wá sọ fún gbogbo wọn pé àwọn kò ṣe nọ́ọ̀sì rí, àwọn kò dá nǹkan kan sílẹ̀ rí, àti pé bí wọ́n bá ní kí àwọn kó ọmọ jọ sójú kan, àwọn á kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹnu ọ̀nà wà.

Àlájì kò pariwo. Wọ́n kàn yíjú sí mi, wọ́n tún béèrè ìbéèrè ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Tíṣà, ta ló dá ilé yìí sílẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi pé ìbejì ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ojú mi bọ́ sí ẹbu. Alájà Sàúdátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó ti kú. Wọ́n ti wẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ Iléyá èṣí, wọ́n fi ìborùn funfun sí i. Wọ́n mọ̀ pé mo ti tà wọ́n, síbẹ̀ wọ́n múra, bóyá ọkàn mi á yí padà kí n pe àwọn wá jókòó. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Ẹkún gbá mi mú.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, ẹní, igi àgbálùmọ̀, àáró, gàrí ọmọ, ìyá mi. Mo na ọwọ́ sí Alájà, mo ní, "Àwọn nìyẹn. Ojú ló tì mí, sà." Gbogbo ènìyàn wo Alájà. Alájà wo bàtà wọn.

"Ìtàn yìí dára ju èyí tí o tà fún wa lọ," ni Àlájì Kàmọ́rù wí. "Ká ní òun lo kọ́kọ́ sọ ni, káfíńtà ìbá ti wà lórí òrùlé báyìí. Ṣùgbọ́n n kò lè fi owó ẹgbẹ́ lé ọwọ́ ẹni tó pa alààyè."

Wọ́n dìde. Ẹgbẹ́ dìde tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kó àga wọn, wọ́n gbé oúnjẹ wọn tí a kò tíì ṣí, wọ́n lọ. Páànù wa bá wọn lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ilé ìgbẹ̀bí kan ní ìgbèríko ni wọ́n fi owó náà tún ṣe.

Kò pẹ́ tí òjò fi dé, àwọn ọmọ tún rọ́ sí yàrá kan náà. Àǹtí Edith tì mí mọ́ igun, wọ́n sì bọ́ sínú ògidì èdè Ìjẹ̀bú. N kò ní kọ ohun tí wọ́n sọ síbí, torí ọmọdé lè ka ìwé yìí. Alájà Sàúdátù dúró títí wọ́n fi sọ tán. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn fi igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí lé mi lọ́wọ́.

"Ó ti pẹ́ tí àáró ti kàn ọ́," ni wọ́n wí. "Ọ̀la ni."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin èèyàn mi, tíṣà oníwèé-ẹ̀rí jókòó sídìí agbada. Omi ń dà lójú mi, imú mi ń ṣe tirẹ̀. Gàrí mi àkọ́kọ́ dúdú débi pé Raheemah ní ká tà á fún àwọn tó ń ra èédú. Ṣùgbọ́n gàrí ọmọ bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin kọ̀ọ̀kan bu tirẹ̀ sẹ́yìn, èmi náà sì bu èyí tí kò jóná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àlájì Kàmọ́rù dé. Wọn kò wọ agbádá, wọn kò mú ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní gàrí ni àwọn wá rà. Alájà dá iye lé e. Àlájì ní ó ti pọ̀ jù. Alájà ní iná kò kéré. Wọ́n ná an, wọ́n ná an, títí Raheemah fi lọ gbé àga wá fún Àlájì. Nígbà tó yá, wọ́n ra gbogbo gàrí tó wà nílẹ̀, wọn kò sì fi kọ́bọ̀ kan lé iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ wọn méjì dé, àwọn náà sì ná an. Ẹgbẹ́ kò fún wa lówó o. Wọ́n kàn ń ra gàrí ni.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba padà dé ní oṣù kẹsàn-án, ó gbé ojú sókè nínú yàrá àkọ́kọ́, kò rí ọ̀run mọ́. Páànù tuntun ló rí. Ó ní ká má ti ilẹ̀kùn. Yàrá kejì ṣì ń dúró de gàrí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń wá olówó, ẹ gbọ́ tèmi. Ohun tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ fún un, ó lè jẹ́ òun gan-an ló fẹ́ rà.

Mo fẹ́ yọ fọ́tò ńlá náà kúrò, àwọn ọmọ figbe ta. Àǹtí Edith ní kí n fi í sílẹ̀, àmọ́ kí n yọ "Olóògbé" kúrò, kí n kọ ohun tí àwọn bá pè sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é: "Kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Kò sì tíì kú." Wọ́n ti wà nínú àáró báyìí. Bí ó bá kàn wọ́n, wọ́n á wọ ọkọ̀ wá láti Imusin, wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa ráhùn pé ariwo ọmọ pọ̀, Ikhlas á sì ti sùn lọ lórí itan wọn.

Láràárọ̀, ẹbu ni àwọn ọmọ máa ń kọ́kọ́ lọ báyìí. Wọ́n á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ èéfín, wọ́n á kí Alájà Sàúdátù, Alájà á sì pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọlé wá dojú kọ fọ́tò. "Ẹ káàárọ̀, Màmá Edith."

Lọ́jọ́ tó bá kan Àǹtí Edith, ohùn kan á dáhùn láti orí ẹní. "Mo ṣì wà o."